Màmá Kí Gbogbo Ìlú Kí Wọ́n Tó Dárúkọ Tòmátò

"Ẹ káàárọ̀ o, ọmọ mi. Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àìfararọ ìlú. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé wọn ò sáré káàkiri àdúgbò lásìkò àrùn yìí?"

Màmá gbé fóònù onítọ́ọ̀ṣì wọn síwájú ẹnu, wọn ò gbé e sétí, torí wọ́n gbà pé ibi tí ohùn ti ń jáde ló yẹ kí fóònù wà. Rédíò wà lórí fèrèsé yàrá wọn, ohùn wọn náà sì ń jáde níbẹ̀, a wá ń gbọ́ Màmá méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo àwa tá a wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ sí wọn. Ìyá mi ń tọ́ka sí àwọn apẹ̀rẹ̀ tòmátò tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Èmi gbé tòmátò kan sókè, mò ń fì í síwá sẹ́yìn. Màmá ò tiẹ̀ wò wá.

"Ẹ bá mi kí àwọn tó ń gbọ́ wa. Ẹ̀yin ará Ìkòsì, ẹ káàárọ̀. Ẹ̀yin ará Kétu, ẹ kú ìfaradà. Ẹ̀yin ará Ògùdù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Anthony, ẹ kú ilé o. Ẹ̀yin tí ara yín ò yá, Ọlọ́run á fọwọ́ tọ́ yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò tíì jẹun láti àná, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ má bọkàn jẹ́. Ohun tó jẹ́ kí n pè gan-an ni pé..."

Fóònù dún tíì. Káàdì tán.

"Yéè!" Ìyá mi jókòó sílẹ̀ gbì. "Màmá, ẹ pa mí o! Ẹ ò dárúkọ tòmátò!"

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí Màmá jẹ́ fún yín ná. Wọn kì í ṣe ìyá àgbà mi. Aládùúgbò wa ni wọ́n, yàrá wọn kọjú sí tiwa nínú ilé elérò púpọ̀ kan ní Ìkòsì. Ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n, opó, àwọn ọmọ wọn wà lájò. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa bó ẹ̀gúsí fún àwọn tó ń tà á ní ọjà Mile 12. Láti àárọ̀ lẹ ó ti máa gbọ́ ọ, kẹ́, kẹ́, kẹ́, èèpo ẹ̀gúsí ń já sínú abọ́, rédíò sì ń sọ̀rọ̀ lórí wọn.

Rédíò yẹn dàgbà jù mí lọ. Okùn ni Màmá fi so ẹ̀yìn rẹ̀, wáyà tín-ín-rín kan ló sì rọ́pò eríàlì tó ti kán. Tí bátìrì bá fẹ́ kú, wọ́n á tò ó sójú oòrùn bí ẹni sá ẹja. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n yá oòrùn díẹ̀," ni wọ́n máa ń wí, "ó ti rẹ àwọn náà." Tó bá di ìrọ̀lẹ́, bátìrì á tún jí.

Ìgbà kónílé-ó-gbélé ni mò ń sọ. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ sẹ́kọ́ńdìrì ni. Ilé ìwé tì, ṣọ́ọ̀bù tì, bọ́ọ̀sì ò sí lójú títì. Ọjà oúnjẹ nìkan ni wọ́n ní kó máa ná, òun náà ní ọjọ́ tiẹ̀. Kódà ìjà ìdí kànga dáwọ́ dúró nínú ilé wa, torí kò sẹ́ni tó lókun tó máa fi jà. Rédíò ìjọba tí Màmá ń gbọ́ ló wá di olórí ilé. Láàárọ̀, olùkọ́ á máa kọ́ wa ní ìṣirò níbẹ̀, gbogbo ọmọ ilé á gbé àpótí jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tí olùkọ́ bá béèrè ìbéèrè, tó wá dákẹ́ díẹ̀ ká lè ronú, Màmá á ti dá a lóhùn: "Ẹ ní sùúrù fún wọn o, olùkọ́, ebi ló ń pa wọ́n!" Lẹ́yìn náà ni rédíò á sọ ọjọ́ tí ọjà máa ṣí àti iye tí wọ́n ń ta gàrí, kí ẹnikẹ́ni má bàa rẹ́ wa jẹ. Màmá á wá máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n á tún un sọ fún àwọn tí ò ní rédíò.

Ètò kan tún wà tí iléeṣẹ́ rédíò yẹn dá sílẹ̀ nítorí ọ̀wọ́n ìgbà náà. Ẹni tó ní ọjà tí ò rí ẹni rà, ẹni tó ń wá oúnjẹ tí ò mọ ibi tó wà, kó pè, kó sọ ọ́ kí ìlú gbọ́. Níbòmíràn, wọ́n á ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá sanwó ìpolówó. Ti ìjọba ní tiẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ará ìlú ló ni ín.

Tòmátò sì ni ìyá mi ń tà ní Mile 12. Ẹrù wọn tó ń bọ̀ láti òkè Ọya há sọ́nà, torí wọ́n ń dá ọkọ̀ dúró káàkiri. Ìgbà tó máa fi dé, ọjà ti tì. Àwọn alásè tó máa ń ra ọ̀pọ̀ apẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ti da ìkòkò wọn dojú dé, torí òde ò sí. Bí ẹrù ṣe wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa nìyẹn. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, omi pupa ti ń ṣàn láti ìdí apẹ̀rẹ̀, òórùn kíkan gba ilé, eṣinṣin dé. Gbogbo ohun tí ìyá mi ní láyé ló wà nínú apẹ̀rẹ̀ wọ̀nyẹn. Bàbá mi ti kú, kò sẹ́ni tó máa gbé wọn dìde. Mo gbọ́ tí ìyá mi ń sọ fún Màmá pé tí tòmátò náà bá fi jẹrà, tí ọ̀nà bá ti là, àwọn máa fi mí ránṣẹ́ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n àwọn n'Ílọrin, kí n lọ máa gbébẹ̀ títí ayé á fi dẹ̀. Mi ò mọ ẹnì kankan n'Ílọrin.

"Pe rédíò," ni Màmá wí.

Ìyá mi ní kàkà kí gbogbo Èkó gbọ́ pé tòmátò àwọn ń jẹrà, kí ilẹ̀ kúkú lanu gbé àwọn mì. "Ojú á tì mí, Màmá."

"Ojú ò ní ti èmi. Ẹ gbé fóònù mi wá."

Bí Màmá ṣe pè nìyẹn, tí wọ́n kí títí káàdì fi tán, tí ṣọ́ọ̀bù oníkáàdì sì wà ní títì pa.

Nínú rédíò, atọ́kùn ètò ní, "Há, Màmá ti lọ," ó gba ẹlòmíràn. Bọ̀dá mẹkáníìkì tó ń gbé ní yàrá ìparí pòṣé. "Màmá, kí lẹ wá ń kí gbogbo ayé fún? Ẹ bá kàn sọ pé tòmátò wà!"

Màmá yíjú sí i. "Kí n já lu ọmọ ọlọ́mọ láàárọ̀, kí n ní kó wá ra tòmátò, mi ò tíì béèrè àlàáfíà ẹ̀? Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀ nílé yín?"

Ẹnu wọn le. Àmọ́ nígbà tí wọ́n padà sídìí ẹ̀gúsí, wọn ò bó ẹyọ kan. "Mo ti ba ọjà ọmọ ọlọ́mọ jẹ́," ni wọ́n ń sọ lábẹ́lẹ̀. Àánú wọn ṣe mí, inú sì tún ń bí mi sí wọn, méjèèjì pọ̀.

Ẹni tó pè tẹ̀ lé wọn sọ̀rọ̀ ìrẹsì, ó lọ. Atọ́kùn ò tíì gba ẹlòmíràn. "Ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "ìyá tó kí wa lẹ́ẹ̀kan yẹn ò tíì sọ tiwọn. Ẹni tó kí gbogbo ìlú, tó rántí ẹni tí ò tíì jẹun, ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́nu wọn. Nọ́ńbà wọn wà níbí. A máa pè wọ́n padà."

Fóònù onítọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí àpótí. Ẹ ò bá rí wa! Ìyá mi sáré lọ rẹ rédíò sílẹ̀. Bọ̀dá mẹkáníìkì ló tẹ fóònù, tó fi lé Màmá lọ́wọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, ọmọ mi," ni Màmá bẹ̀rẹ̀. "Ìyàwó ńkọ́..."

"Màmáàá!" Gbogbo ilé pariwo pọ̀.

Atọ́kùn bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ìyàwó wà, àwọn ọmọ wà. Ẹ sọ tiyín fún wa."

Wọ́n wá sọ ọ́. Wọ́n ní ọmọ àwọn kó tòmátò sílé, tó bá fi di ọ̀la kò ní wúlò mọ́. Wọ́n ní kì í ṣe pé ó ń tọrọ o, ọjà ló ń tà. Wọ́n júwe ilé wa láti mọ́ṣáláṣí títí dé ìdí igi àgbálùmọ̀. Mo rò pé wọ́n ti parí ni. "Ẹni tí ò bá lówó," ni wọ́n fi kún un, "kó gbé abọ́ ẹ̀ wá náà." Ìyá mi kawọ́ lérí. Ta ló bá Màmá sọ ìyẹn?

Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń dé, láti Kétu, láti ẹ̀yìn Ìkòsì, ẹsẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn fi rìn. Àwẹ̀ ti wọlé, àwọn kan ní ọbẹ̀ ìṣínu làwọn fẹ́ fi sè. Wọ́n wọ ìbòmú, wọ́n tò, wọ́n jìnnà síra wọn bí rédíò ṣe kọ́ wọn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé wọn ò kọ́kọ́ béèrè tòmátò. "Ìyá tó kí wa dà?" ni wọ́n ń béèrè.

Bàbá kan rìn wá láti Ògùdù, abọ́ kékeré ló wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ṣí fìlà fún Màmá. "Èmi nìkan ni mò ń dá gbé," wọ́n ní. "Ó ti pẹ́ tẹ́nì kan ti kí mi káàárọ̀. Mo ní kí n wá dá yín lóhùn."

Màmá fa àpótí wọn fún Bàbá pé kí wọ́n jókòó. Ìyá mi ló bu tòmátò tó le dáadáa kún abọ́ Bàbá, wọn ò sì gbowó.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, èyí tó dára ti tán. A da èyí tó ti jẹrà nù. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí èrè níbẹ̀, àmọ́ ìyá mi rí ohun tí wọ́n máa fi padà sọ́jà. Wọ́n kúnlẹ̀ fún Màmá. Màmá ní kí wọ́n dìde, kí wọ́n lọ fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, eṣinṣin ti pọ̀ jù. Mo fi gbogbo ara fọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ Ìlọrin.

Màmá ti sùn báyìí, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Rédíò wọn wà lọ́dọ̀ mi, mo ṣì ń sá bátìrì rẹ̀ sóòrùn. Èmi náà ti ń tà lọ́jà pẹ̀lú ìyá mi, ọ̀wọ́n sì tún ti dé, ó le ju tìgbà náà lọ. Oníbàárà á pè mí, "Èló lapẹ̀rẹ̀?" Kò sí ẹ káàárọ̀, kò sí ẹ kú ọjà. Mo máa ń kọ́kọ́ kí wọn ná. Ẹni tó bá fẹ́, kó bínú.

Mo tún máa ń rántí atọ́kùn yẹn, tí mi ò mọ ojú ẹ̀ títí dòní. Èèyàn tó ń pè é pọ̀ rẹpẹtẹ láàárọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó máa bá a wí tó bá gbàgbé arúgbó kan tí káàdì rẹ̀ tán. Tí fóònù ẹnikẹ́ni bá já létí mi, pàápàá àgbàlagbà tó ṣì ń béèrè àlàáfíà mi lọ́wọ́, bó ti wù kí ọjà kún tó, mo máa ń pè é padà. Ká ní wọn ò pe Màmá padà ni, Ìlọrin ni ǹ bá dàgbà sí.