Àwọ̀n Oníka Mẹ́ta

Bàbá ti na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú lórí ẹní, wọ́n fi etí àwọ̀n kọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ wọn, wọ́n sì ń hun ún bọ̀ wá sọ́dọ̀ ara wọn. Abẹ́rẹ́ onígi náà ń wọlé, ó ń jáde, kókó kan tẹ̀lé òmíràn. Bí okùn bá tán, wọ́n á ní fún mi, "Ìyá mi, gbé àbẹ́là wá," èmi náà á sì fi iná jó ẹnu okùn ọ̀rá náà kó má baà tú. Òórùn ọ̀rá yẹn kì í kúrò lára aṣọ mi bọ̀rọ̀. Bí mo bá ti ń wọlé ni màmá mi á ti mọ ibi tí mo ti ń bọ̀.

Kì í ṣe bàbá mi àgbà ni wọ́n. Ilé wọn ló kọjú sí tiwa ní Ọ̀jọ́, ní apá ibi tí ọ̀sà wà, níbi tí a ti máa ń gbọ́ fèrè àwọn ṣọ́jà ojú omi láti Navy Town láàárọ̀. Bí fèrè yẹn bá ti dún, Bàbá á tẹ́ ẹní wọn sábẹ́ igi àgbọn, wọ́n á bu gààrí díẹ̀ sẹ́nu, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ á máa gbé èéfín ẹja tí àwọn ìyàwó apẹja ń yan wá bá wa. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ ju ilé wa lọ, mi ò sì fi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Wọn kì í fi igi tàbí rúlà wọn ojú àwọ̀n. Ìka ọwọ́ wọn mẹ́ta ni wọ́n ń kì bọ inú rẹ̀. Bí ìka mẹ́ta bá wọlé tí kò há, tí àyè kò sì ṣẹ́ kù, ó pé nìyẹn. "Ẹja tó bá lè gba ibí kọjá, ọmọdé ni," wọ́n á wí. "Ẹ jẹ́ kó lọ bá ìyá ẹ̀." Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn apẹja tó ń fẹ́ irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀ ti dín kù. Àwọ̀n tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun ni ọ̀pọ̀ ń rà, ojú rẹ̀ kéré, ó sì ń kó gbogbo ohun tó bá pàdé. Oníbàárà kan ṣoṣo ló ṣì ń gbéṣẹ́ wá fún Bàbá déédéé, apẹja kan tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa.

Ìgbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ni, mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, nígbà tí ọmọ Bàbá obìnrin ní kí wọ́n wá sí Badagry wá tọ́jú ojú wọn. Àwọ̀n apẹja yẹn ṣì wà nílẹ̀, orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti hun. "Bá mi parí ẹ̀," ni Bàbá wí fún mi, torí wọ́n ti kọ́ mi bí a ṣe ń ta kókó náà. "Ìka mẹ́ta ni o. Má dín in, má lé e." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó ti àwọ̀n yẹn, mo ń ṣe bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè. Kí Bàbá tó dé, apẹja ti wá gbé ẹrù rẹ̀ lọ.

Bàbá ò tíì lò ju ọjọ́ méjì lọ nílé tí ọkùnrin náà fi dé pẹ̀lú àwọ̀n náà léjìká àti báàfù kan tó kún fún epìyà kéékèèké, tí kò gùn ju ìka lọ.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí. "Àwọ̀n yìí mà dáa. Àtìgbà tí mo ti gbé e, mi ò pa dà sílé lófìfo. Àwọn apẹja mẹ́rin ní ebúté ní kẹ́ ẹ bá àwọn náà ṣe sáìsì yìí gan-an."

Inú mi dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí n sọ pé èmi ni mo hun ún. Bàbá fa àwọ̀n náà sórí itan, wọ́n ki ìka bọ ọ́. Méjì wọlé, ẹ̀kẹta ò gbà. Wọ́n gbìyànjú ojú mìíràn, bákan náà ni. Ni wọ́n bá di ọwọ́ mi mú, wọ́n ki ìka tèmi mẹ́ta bọ ojú àwọ̀n náà, ó sì wọlé geerege. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń húkọ́.

"Èmi ni mo ṣi iṣẹ́ rán," wọ́n wí fún apẹja. "Ìka ọmọdé la fi wọ̀n ọ́n. Fi èyí sílẹ̀, màá hun òmíràn fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́."

Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹja ńlá wo ló kù? Àwọn tírọ́là, ọkọ̀ apẹja ńláńlá wọ̀nyẹn, wà lójú òkun tọ̀sán-tòru, wọ́n ti gbá gbogbo ẹ̀ lọ. Kékeré yìí làwa rí. Ọmọ mẹ́rin ló ń dúró dè mí nílé."

"Mo gbọ́, irọ́ kọ́ lò ń pa," ni Bàbá dáhùn. "Ṣùgbọ́n tírọ́là ò wá hun àwọ̀n lọ́dọ̀ mi. Ìwọ lo wá."

Ó ju àwọ̀n náà sílẹ̀, ó gbé báàfù rẹ̀, ó lọ. Kò pa dà wá gba èyí tí Bàbá fẹ́ hun fún un, a ò sì rí àwọn mẹ́rin ti ebúté náà. Mo sá lọ sẹ́yìn ilé ìdáná wa, mo sunkún gan-an, torí mo mọ̀ pé èmi ni mo lé oníbàárà wọn tó kù lọ. Bàbá ló wá mi débẹ̀. "Kókó ẹ le dáadáa," wọ́n wí. "Ìka ẹ ló kàn kéré, yóò dàgbà." Wọ́n fún màmá mi ní àwọ̀n náà, a sì fi ṣọgbà yí ewébẹ̀ ká kí adìyẹ má baà jẹ ẹ́.

Láti ìgbà náà, àwọ̀n tó ya nìkan ni wọ́n ń bá ènìyàn tún ṣe. Wọn ò fapá jánú. Wọ́n ń jẹ gààrí wọn, wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ọjọ́ wọn ń dùn.

Ìbà ni mò ń gbé báyìí. Kòtè àti ṣawá inú yìnyín ni mò ń rà ní Ìyànà Ìbà, ẹja tó ti ọ̀nà jíjìn wá nínú páálí. Ìyá tó ń tà á fún mi sọ pé páálí ò yí pa dà, ẹja inú rẹ̀ ló ń kéré sí i. Lórí rédíò náà, wọ́n ń sọ pé káàkiri ayé ni ọkọ̀ apẹja ti ń lọ jìnnà sí i kí wọ́n tó rí ẹja kó. Mi ò lè sọ pé ẹja pọ̀ sí i nínú ọ̀sà wa nítorí àwọ̀n tí Bàbá kọ̀ láti hun. Kò pọ̀ sí i. Mo bínú sí apẹja yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ṣùgbọ́n látìgbà tí èmi náà ti ní ọmọ tí mò ń bọ́, ìbínú yẹn ti tán.

Ohun tó kù lọ́wọ́ mi ni pé, bí wọ́n bá ní kí n ṣe ohun kan tí kò dáa nítorí pé àwọn tó jù mí lọ ti ba nǹkan jẹ́ tán, mo máa ń rí arúgbó kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ń bọ́ lọ lójú rẹ̀, tó sì ń rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. Ẹ̀rín yẹn ni mò ń wá nínú ara mi. Nígbà mìíràn, mo máa ń rí i.