Ẹni Tó Kọ́kọ́ Gbé Àpótí Lọ Sídìí Afárá

Kí ogun tó dé, aṣọ rírán nìkan ni wọ́n mọ̀ mọ́ obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Télọ̀. Yàrá iwájú ilé ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ rẹ̀ dojú kọ fèrèsé, kò sì sẹ́ni tó lè kọjá kó má rí i níbi tó ti ń fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ náà, tí abẹ́rẹ́ wà láàrin ètè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ tí nǹkan bá dùn ún, inú ló máa ń fi í sí títí yóò fi di egbò.

Nígbà tí ogun pín ìlú sí méjì, afárá orí odò ló di ààlà. Ṣọ́jà ìjọba gba ìhà ibí, àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba ìhà ọ̀hún. Ọjà bọ́ sí ìhà ibí, ilé ìgbẹ̀bí bọ́ sí ìhà ọ̀hún, ẹni tó bá sì gbẹ́sẹ̀ lé afárá, ìbọn ni yóò kí i.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó kafíńtà tó ń gbé lẹ́yìnkùlé Ìyá Télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Ọmọ náà gbé ìdí wá. Wọ́n fi ọmọlanke gbé e dé ìdí afárá, àwọn ṣọ́jà dá wọn padà. Àtìyá àtọmọ ló kú sójú ọ̀nà. Àwọn aṣọ ọmọ tuntun tí Ìyá Télọ̀ ti rán sílẹ̀ ṣì wà lórí ìṣó lára ògiri.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé àpótí tó fi ń jókòó nídìí ẹ̀rọ, ó kọrí sí ìdí afárá, ó sì jókòó.

"Màmá, kí lẹ ń wá níbí?" ni ṣọ́jà kan bi í.

"Mò ń dúró kí ọ̀nà ṣí ni."

"Ọ̀nà ò ní ṣí lónìí o."

"Ṣebí mo ti jókòó."

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ìyá kafíńtà wá jókòó tì í. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn obìnrin ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ìdí afárá fi kún fún àpótí, àga àti ẹní. Ọ̀rẹ́ Ìyá Télọ̀ láti kékeré, tó ń dirun ní ìsàlẹ̀ àdúgbò, wà lára àwọn tó dé gbẹ̀yìn. Onídìrí yìí, Ọlọ́run fún un lẹ́nu. Ó lè bá ẹni tó bínú wá sílé sọ̀rọ̀ kí onítọ̀hún má rántí ohun tó bí i nínú mọ́. Nígbà tí àwọn oníròyìn rédíò wá, tí wọ́n bèèrè olórí wọn, Ìyá Télọ̀ ṣì ń tún ọ̀fun ṣe nígbà tí Onídìrí ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sì sọ ọ́ dáadáa. Ìyẹn gan-an ló dun Ìyá Télọ̀ jù. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pe Onídìrí ní Ìyá Àlàáfíà.

"Ìyá Àlàáfíà ti ibo?" ni Ìyá Télọ̀ wí fún ọkọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, bó ṣe ń la ọmọrí ìkòkò mọ́lẹ̀. "Irun ló ń dì nílé nígbà tí èmi nìkan jókòó síbẹ̀."

Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, yọ dígí ojú rẹ̀. "Ṣé ó ní òun ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ni?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀. 'Àwa ìyá' ló ní."

"Ìwọ náà kì í ha ṣe ìyá ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n gbọ́ ti ọbẹ̀ tí mò ń sè."

Owú náà bá a jí, ó bá a sùn. Àwọn ṣọ́jà wá àga onífẹ̀yìntì fún Onídìrí, orí àpótí lòun ṣì wà. Bí Onídìrí bá wúkọ́, wọn a sáré gbé omi fún un. Lọ́jọ́ kan, Ìyá Télọ̀ náà mọ̀ọ́mọ̀ wúkọ́. Ó tún un wú. Kò sẹ́ni tó bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tó yá, àwọn ọ̀gá ológun gbà kí ìwọ̀nba obìnrin kọjá lọ rí àwọn ìyá ìhà ọ̀hún, torí àwọn náà ti ń jókòó nídìí afárá ní ìhà tiwọn. Wọ́n ní kí Ìyá Àlàáfíà yan àwọn tí yóò bá a lọ. Ìyá Télọ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ tó dárúkọ. Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́, inú Ìyá Télọ̀ ń gbóná. Kí ẹlòmíì máa wá bu ọbẹ̀ tóun sè fóun jẹ! Ó fẹ́ ní òun ò lọ. Ó wá rò ó pé tóun bá dúró sílé, Onídìrí nìkan ni yóò gbé ògo rẹ̀ bọ̀. Owú ló gbé e gun afárá lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ìgboyà.

Ìkaraun ọta ìbọn ń ró lábẹ́ bàtà wọn. Nígbà tí wọ́n dé àárín, Onídìrí di ọwọ́ rẹ̀ mú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tutù fún òógùn. Ẹnu ya Ìyá Télọ̀. Ó ti rò pé ẹ̀rù kì í ba ìyẹn. Kò gba ọwọ́ rẹ̀ padà.

Kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ kan tí ìbọn ti dá lu ni wọ́n ti pàdé. Tíṣà àgbà kan ló ń sọ̀rọ̀ fún àwọn ti ọ̀hún. Òun àti Onídìrí wá ń sọ̀rọ̀ bíi kó má tán. Ìyá Télọ̀ lọ jókòó sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin sísanra kan tí ìyẹ̀fun ṣì wà nígbọ̀nwọ́ rẹ̀, tó ń pòṣé ní gbogbo ìgbà tí Tíṣà bá lanu.

"Ẹ̀yin mà ń pòṣé o," ni Ìyá Télọ̀ rọra wí.

"Ẹ jẹ́ n pòṣé. Èmi tí mò ń ṣe búrẹ́dì yìí ni mo kọ́kọ́ gbé ẹní lọ sídìí afárá. Ilé ni Tíṣà yẹn wà. Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́ bíi pé òun ló bí i."

Ìyá Télọ̀ wò ó títí. "Àpótí lèmi gbé," ló wí.

"Àpótí kẹ̀?"

"Àpótí. Ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n wá ń pè ní Ìyá Àlàáfíà."

"Ìyá Ìṣọ̀kan ni wọ́n ń pe tiwa."

Ẹ̀rín gbé wọn. Wọ́n fi ìborùn bo ẹnu, ejìká wọn ń gbọ̀n, títí Tíṣà fi dákẹ́ tó wò wọ́n bí ọmọ tó ń ṣagídí ní kíláàsì.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Ìyá Télọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ìyàwó kafíńtà. "Ọkọ mi ń gba orí afárá lọ ra ìyẹ̀fun ni," ni Oníbúrẹ́dì wí, kò sì parí ẹ̀.

Níwájú, Onídìrí àti Tíṣà ń jiyàn lórí orúkọ ọ̀gá ológun tí wọ́n máa kọ́kọ́ kọ sínú ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn. Lẹ́yìn, àwọn méjì yìí ti ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Bí aboyún bá ń rọbí, Ìyá Télọ̀ yóò fi aṣọ pupa kọ́ sídìí afárá. Oníbúrẹ́dì, tí ilé búrẹ́dì rẹ̀ kọjú sódò, yóò rí i, yóò sì lọ bá àwọn ọmọ ogun tó ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ pé kí wọ́n gbé ìbọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò fi aṣọ pupa tirẹ̀ kọ́. Ìgbà yẹn ni aboyún máa tó kọjá.

Ìyá Télọ̀ dìde, ó sọ ọ́. Onídìrí gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ohun tí ọ̀rẹ́ mi wí yìí la bá wá." Òun ló wá tò ó lọ́nà tí àwọn ọ̀gá ológun méjèèjì yóò fi lè gbé e mì. Ó gba wàhálà, wọ́n lọ, wọ́n bọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbà.

Ìyàwó bíríkìlà ló kọ́kọ́ kan. Ọ̀sán gangan ni. Ìyá Télọ̀ fi aṣọ pupa kọ́, gbogbo wọn ń wo òdìkejì odò. Pupa yọ lọ́hùn-ún. Ọmọlanke gun orí afárá, ó ń pariwo lọ lórí páànù tí wọ́n fi tẹ́ afárá, ìbọn kankan ò sì dún. Onídìrí ń sunkún, Ìyá Télọ̀ ń sunkún. Láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ náà ni Ìyá Télọ̀ kọ́kọ́ gbà pé ogun lè tán.

Lọ́jọ́ kejì, Ìyá Àlàáfíà àti Ìyá Ìṣọ̀kan ni rédíò ń dárúkọ. Ọkọ Ìyá Télọ̀ ń wò ó láti ẹ̀gbẹ́ ojú.

"Ẹ yé wò mí," ló wí. "Ó dùn mí, àmọ́ kò pa mí."

Àfi nígbà tí ìròyìn tún dé pé obìnrin ni ọmọ tí ìyàwó bíríkìlà bí, àti pé Oníbúrẹ́dì ló kọ́kọ́ gbé e. Ìyẹn wọ̀ ọ́ lára gan-an. Òun rán aṣọ ọmọ, òun fi aṣọ pupa kọ́, ẹlòmíì gbé ọmọ.

Nígbà tí ó tún kan aboyún mìíràn, kò dúró kí ẹnikẹ́ni yan òun. Ó fi aṣọ pupa lé Onídìrí lọ́wọ́, nígbà tí pupa sì yọ lọ́hùn-ún, ó di ọmọlanke mú, ó sì tì í gun afárá. Oníbúrẹ́dì ti dúró sí òpin rẹ̀, ó fọwọ́ sí ìbàdí.

"Mo mọ̀ pé ẹ máa wá," ló wí.

"Ẹ kúrò lọ́nà, ẹ jẹ́ n kọjá," ni Ìyá Télọ̀ dá a lóhùn, àwọn méjèèjì sì jọ ti ọmọlanke náà wọlé ìgbẹ̀bí.