Ṣẹ̀san Ajènìyàn Dọ̀bálẹ̀ ní Salford

Kò sí àgbà Yorùbá kan ní Manchester tí kò mọ ọjọ́ tí olóògbé Ṣẹ̀san Akínwálé dọ̀bálẹ̀ láàárín ìjàkadì tí àwọn òyìnbó ń sanwó wò ní Salford. Ó ti gbé òyìnbó kan sókè, òyìnbó tó tóbi tó àgbá omi, ni ojú rẹ̀ bá kan Àlájì Láwàní, bàbá Mọ̀nsúrát àfẹ́sọ́nà rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé. Ó rọra sọ òyìnbó kalẹ̀ bí ẹyin, ó sì nà gbalaja. "Ẹ káàbọ̀, sà!"

Àlájì kò dáhùn. Mọ̀nsúrát ti sọ fún un pé inú gbọ̀ngàn kan ni Ṣẹ̀san ti ń ṣiṣẹ́, òun náà sì ní dandan òun yóò wá kí i níbi iṣẹ́. Ẹni tó bá níbẹ̀ wọ ewé, ó fi egungun há imú.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n bí Ṣẹ̀san, ṣùgbọ́n "Ajènìyàn Kóńgò" ni wọ́n kọ sára ògiri. Ẹran màlúù gan-an, kì í jẹ. Ọ̀gá tó ń ṣètò ìjà ní, "Má sọ Gẹ̀ẹ́sì o! Máa bú ramúramù ni." Nígbà tí ramúramù bá tán lẹ́nu rẹ̀, á yọ eyín sí èrò: "Ẹ kú ìjókòó o! Ẹ kú òtútù! Ẹ kú ìnáwó!" Àwọn ìyá òyìnbó á sá jáde, wọ́n ní ó ń ṣépè.

Lọ́jọ́ yìí, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú àwa tó mọ̀ ọ́n. Rẹfirí ti ń ka ení, èjì fún ẹni tó wà nílẹ̀.

"Bọ̀dá Ṣẹ̀san, ẹ dìde! Wọn yóò lé yín lẹ́nu iṣẹ́!" ni ọ̀kan nínú wa pariwo.

"Bàbá ò tíì dáhùn."

Òyìnbó fò lé e lẹ́yìn. Ilẹ̀ mì dé ìlú Bolton. Ṣẹ̀san kò mira. Rẹfirí kà tán, wọ́n lu aago: òyìnbó ló borí.

Àlájì ṣí fìlà. "Ta ló ní kí o máa ṣe báyìí?"

"Iṣẹ́ ni, sà. Mo wá òmíràn títí."

Àlájì mí kanlẹ̀. "Dìde, ọmọ mi. Ilẹ̀ yẹn tutù."

Ìjà lọ, iṣẹ́ lọ, ìyàwó wọlé.

Bọ́ọ̀sì ló ń wà ní àdúgbò Wythenshawe títí tó fi fẹ̀yìn tì. Oṣù tó kọjá ló kú. Fèyíṣayọ̀, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, wá kí Mọ̀nsúrát nílé, ó rí fọ́tò olóògbé níbi tó ti wọ ewé.

"Mọ́mì, irú iṣẹ́ wo ni Dádì ń ṣe nínú fọ́tò yìí?"

Ojú ti ọmọ-ọmọ wọn, ó fẹ́ gba fọ́tò náà pa mọ́. Mọ̀nsúrát dì í mú, ó ń fi etí ìró nù ún.

"Wọ́n ní kí ó wá ṣe ẹranko," ni ó wí. "Kò mọ̀ ọ́n ṣe rárá."