Òòlù Màmá Jael

Títí di òní, bí wọ́n bá dárúkọ Màmá Jael ní Àgùdà, ọ̀rọ̀ máàgí lèèyàn kọ́kọ́ ń rántí.

Ọjọ́bọ̀ ni Nọ́ọ̀sì Ṣìmí, ọmọ ìjọ wa, máa ń lọ láti ilé dé ilé láti wọn ìfúnpá àwọn àgbà ìjọ. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàrin yàrá Màmá Jael àti ti Bàbá Gbádé, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn méjèèjì ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ Bàbá Gbádé ni nọ́ọ̀sì máa ń kọ́kọ́ yà, ibẹ̀ ló sì máa ń pẹ́ sí. Màmá Jael fara dà á títí, kò rí i mú mọ́ra.

"Ṣìmí, kí ni Bàbá yẹn ní tí mi ò ní?"

"Mọ́mì, bípì tiwọn ló ga ju tiyín lọ. Ẹni tí tiẹ̀ bá ga jù ni mo máa ń kọ́kọ́ rí."

Ẹlòmíràn á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ mìíràn fi máa dé, Màmá Jael ti tú máàgí kan nínú bébà, ó ń lá a bí ọmọdé ṣe ń lá súìtì. Nọ́ọ̀sì dé, ó wé aṣọ ẹ̀rọ mọ́ ọn lápá, ó fẹ́ ẹ, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì, ẹ kú oríire! Ó tún ti wálẹ̀ sí i."

"Irọ́ ni! Tún un wọ̀n! Ẹ̀rọ yìí ti bàjẹ́, àbí Bàbá Gbádé ló bẹ̀ ọ́ lọ́wẹ̀?"

Ibi tó ti ń pariwo ni nọ́ọ̀sì ti rí ahọ́n rẹ̀ tó ti di rúsúrúsú, ó sì rí bébà máàgí tó rún mọ́ ọwọ́.

"Mọ́mì, ṣé ọbẹ̀ ni yín ni, tí ẹ fi ń fi máàgí sí ara yín?"

Ká má purọ́ mọ́ òkú, ojowú ni Màmá Jael. Kì í ṣe pé kò mọ òfin kẹwàá. Ó mọ̀ ọ́n lórí. Mósè ní ká má ṣe ojúkòkòrò sí ilé ẹnìkejì wa, tàbí màlúù rẹ̀, tàbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀. Kò dárúkọ ìfúnpá.

Ẹni tó sọ ọ́ ní Jael pàápàá ríran. Jaeli inú Bíbélì fi òòlù gbá èèkàn mọ́ Sisera lórí; Jael ti Àgùdà náà ní òòlù tirẹ̀, òòlù kékeré tó fi ń kan bọ́tìnnì onírin mọ́ aṣọ nígbà tó ń ta bọ́tìnnì ní ọjà Tejúoṣó. Ẹnu rẹ̀ náà sì tún dà bí òòlù. Lọ́jọ́ ìsìnkú ọkọ rẹ̀, obìnrin kan ń sunkún kíkankíkan létí sàréè. Màmá Jael dá ẹkún tirẹ̀ dúró, ó yíjú sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ọkọ tiyín náà ni?"

Nígbà tí máàgí kò ṣiṣẹ́, ojú rẹ̀ kúrò lára ẹ̀rọ, ó bọ́ sára oògùn. Oríṣi mẹ́ta ni ti Bàbá Gbádé: ọ̀kan fún ìfúnpá, ọ̀kan fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan tó ń mú èèyàn tọ̀ kí omi tó pọ̀ jù lè jáde lára. Ẹyọ kan péré ni ti Màmá Jael. Ó ní wọ́n ń ṣe òun bí ọmọ ọ̀dọ̀. Ló bá gbé ẹja díndín lọ bá Bàbá Gbádé.

"Bàbá, ẹ fún mi ní ọ̀kan nínú tiyín."

"Èwo lo fẹ́?"

"Èyí tó bá lágbára jù."

Oògùn ìtọ̀ ni Bàbá fún un. Àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ló gbé e mì, ó wá lọ jókòó síwájú pátápátá nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Yábàá. Oníwàásù ń sọ pé, "Ẹ dúró ṣinṣin, ẹ má yẹsẹ̀!" Màmá Jael dìde, ó gba àárín ìjọ jáde. Ó padà. Ìdí rẹ̀ kò tíì kan bẹ́ǹṣì tó tún fi dìde. Lọ́jọ́ náà, gbogbo ìjọ ló dúró ṣinṣin, àfi ẹnì kan.

Nọ́ọ̀sì bínú. "Oògùn kì í ṣe gèlè tí wọ́n ń yá wé, Mọ́mì. Èyí tó wo ẹnì kan sàn lè gbé ẹlòmíràn ṣubú."

Màmá Jael gbọ́. Ó pa ti Bàbá Gbádé tì. Ó sì pa ti ara rẹ̀ náà tì.

Lọ́jọ́bọ̀ kan báyìí, nọ́ọ̀sì wọn ìfúnpá rẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó wọn apá kejì. Ó fa àga súnmọ́ ọn, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Bàbá Gbádé pariwo láti ẹ̀yìn ògiri: "Nọ́ọ̀sì, èmi ńkọ́?"

Orí ń fọ́ Màmá Jael, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń dán. "Ẹ ní sùúrù, Bàbá! Tèmi ti ga ju tiyín lọ!"

Ó dìde láti bu omi fún àlejò rẹ̀, òòyì kọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì sáré gbá a mú, bọ́tìnnì àyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sì já dànù. Màmá Jael ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí bẹ́ẹ̀dì, síbẹ̀ oníbọ́tìnnì ni.

"Má jáde bẹ́ẹ̀ o. Wá funfun kan nínú agolo bọ́tìnnì mi yẹn."

Nọ́ọ̀sì ki ọwọ́ bọ agolo, ó mú funfun kékeré kan. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, kò rí ihò abẹ́rẹ́. Ó mú òmíràn. Òun náà kò ní ihò. Oògùn ni.

"Mọ́mì, ṣé ẹ mọ̀ pé bí ẹ bá dá a dúró báyìí, ẹ lè rọ lápá, kí ẹ rọ lẹ́sẹ̀?"

Màmá Jael wo àjà. "Bí mo bá ń lò ó, á wálẹ̀. Bó bá wálẹ̀, ọ̀dọ̀ Bàbá Gbádé lo máa gbà lọ." Ó yíjú sí nọ́ọ̀sì. "Nọ́ọ̀sì ni Christabel ọmọ mi náà, ní London. Ọwọ́ ìyá oníyàá ló ń dì mú lójoojúmọ́. Tèmi ńkọ́?"

Nọ́ọ̀sì tún di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ tí wọ́n padà délé, ó mú òòlù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Bàbá Gbádé máa ń gbàgbé oògùn ọ̀rá tí wọ́n ń lò lálẹ́. Ẹ̀yin ni igbákejì mi. Bí ẹ bá ti gbàdúrà ìrọ̀lẹ́ tán, ẹ kan ògiri, ẹ rán wọn létí. Ṣùgbọ́n igbákejì nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ ti lo tiẹ̀ kó tó kan ògiri o. Láti òní lọ, ẹni tí bípì tiẹ̀ bá dára jù ni màá kọ́kọ́ rí."

"Ju ti Bàbá Gbádé lọ?"

"Ju ti ẹnikẹ́ni lọ."

"Gbé omi wá," ni Màmá Jael wí.

Láti ìgbà náà, gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́. Kò, kò! "Bàbá Gbádé! Ti ọ̀rá o!"

"Mo ti gbé e mì! Ìwọ ńkọ́?"

"Ó ti pẹ́!"

Oyè náà gùn ún. Nọ́ọ̀sì ti kọ́ àwọn àgbà pé kí wọ́n má máa dìde lójijì, kí òòyì má baà kọ́ wọn. Bí àlùfáà bá ti ní, "Ẹ jẹ́ ká dìde," ohùn Màmá Jael á sọ níwájú: "Ẹ̀yin onífúnpá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́!" Àlejò oníwàásù kan rò pé ara ètò ìsìn wa ni. Ó ní, "Àmín."

Nígbà tí itan bẹ̀rẹ̀ sí í ro Bàbá Gbádé tí kò lè gun àtẹ̀gùn, tí wọ́n ní ọjọ́ ogbó ni, Màmá Jael ló pe nọ́ọ̀sì. Dókítà rí i pé oògùn ọ̀rá ló fa ìrora náà, ó sì yí i padà. Àwa ẹgbẹ́ obìnrin fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Màmá, ẹ ò tún fẹ́ borí Bàbá mọ́?"

Ó wò wá bí ẹni ń wo òpè. "Bó bá kú, ta ni màá borí?"

Òun ló kọ́kọ́ lọ. Ọjọ́ ogbó ni, lójú oorun. Lọ́jọ́bọ̀ tó gbẹ̀yìn, tirẹ̀ ló dára jù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ yà.

Létí sàréè, Christabel tó ti London dé ń sunkún jẹ́jẹ́. Nọ́ọ̀sì Ṣìmí ló ń ké bí ẹni tí ilé wó lù. Christabel yíjú sí i. Gbogbo àwa tí a mọ ìyá rẹ̀ di èémí mú.

"Ṣé ìyá tìẹ náà ni?"

Ṣìmí mi orí pé rárá.

"Owú rẹ ń jẹ mí," ni Christabel wí. "Ìwọ lo di ọwọ́ ẹ̀ mú." Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ náà mú, wọ́n jọ dúró bẹ́ẹ̀ títí ìsìn fi parí.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá Gbádé jókòó pẹ̀lú oògùn ní àtẹ́lẹwọ́, ó ń wo ògiri. Ògiri dákẹ́. Nígbà tó yá, ó dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó fi orí ọ̀pá rẹ̀ kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì.

Òòlù Màmá Jael dá a lóhùn láti yàrá kejì: kò, kò.

Bàbá Gbádé mọ̀ pé Christabel ni. Síbẹ̀, ó gbé oògùn mì, ó fi ẹnu súnmọ́ ògiri, ó sì pariwo bó ṣe máa ń ṣe:

"Mo ti gbé e mì o! Ìwọ ńkọ́?"