Píkọ́ọ̀pù Tí Wọn Kò Tíì Ṣe Tán

Wẹ́dà ni ẹ̀gbọ́n, wẹ́dà ni àbúrò. Ọmọ ìyá kan náà, ṣọ́ọ̀bù kan náà, ọwọ́ líle kan náà. Ohun mẹ́ta ni baba wọn fi sílẹ̀: ṣọ́ọ̀bù tí òrùlé rẹ̀ ń jò, píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tí ó ti dípẹtà, àti òfin pé epo kì í wà nínú ọkọ̀ tí a bá ń ṣe lọ́wọ́.

Wọ́n ń pa òfin mọ́. Bí wọ́n ṣe ń tún píkọ́ọ̀pù náà ṣe ni wọ́n ń jà lé e lórí. Lórí ọ̀rọ̀ fẹ́ńdà, ẹ̀gbọ́n fi òòlù fọ́ àbúrò rẹ̀ ní ìka. Lórí ọ̀dà tí wọn yóò kùn ún, àbúrò fi sípánà la ẹ̀gbọ́n lórí, tí wọ́n fi rán awọ orí rẹ̀ bí ẹni ń rán àpò. Ẹ̀gbọ́n wo àpá náà nínú dígí, ó sì rí i pé ọkọ̀ yìí yóò pa ọ̀kan nínú àwọn. Ó pinnu láti tà á bẹ́ẹ̀: kò ní ilẹ̀kùn, kò ní ìjókòó, kò ní gíláàsì iwájú. Ẹ́ńjìnnì nìkan ni ó pé.

Onípákó kan fẹ́ rà á, ó ní òun gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí onípákó yóò wá, ẹ̀gbọ́n da epo sí táńkì. Lójú tirẹ̀, ọkọ̀ tí a ti fẹ́ tà ti kúrò ní ọkọ̀ tí à ń ṣe.

Àbúrò wọlé. “Bọ̀ọ̀dá, wọ́n ní ẹ fẹ́ tà á.”

“Onípákó ń bọ̀ wá gbé e.”

“Orí yín tí mo là, ṣé ọpọlọ ti gba ibẹ̀ jò dànù ni?”

Ó kàn án lẹ́ṣẹ̀ẹ́ nímú. Ó ń lù ú, ó sì ń pè é ní “ẹ̀yin”. Wọ́n kọ́ ọ nílé. Ẹ̀gbọ́n lọ ṣan ẹ̀jẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi, kí oníbàárà má baà bá a bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ti gbọ́ ìró gáàsì tí wọ́n fi ń gé irin. Àbúrò ti wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fẹ́ gé sáásì, irin tí ó gbé ọkọ̀ ró, sí méjì kí onípákó má baà rí i gbé.

“Má ṣáná! Epo wà nínú ẹ̀!”

“Epo, nínú ọkọ̀ tí à ń ṣe? Ẹ wá irọ́ mìíràn pa, bọ̀ọ̀dá.”

Ó ṣáná.

Iná gbé táńkì fò. Ẹ̀gbọ́n fa àbúrò rẹ̀ lẹ́sẹ̀ jáde, ó sì fi ara rẹ̀ bo iná tí ń jó o láyà mọ́lẹ̀.

Nígbà tí àbúrò tó lè sọ̀rọ̀ ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti fi báńdéèjì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

“Onípákó ńkọ́?”

“Ó ti wọ́ èyí tó kù lọ.”

“Ẹ da epo sí i lóòótọ́.”

“Mo dà á.”

“Ẹ ò sọ fún mi.”

“Mo pariwo.”

“Lẹ́yìn tí mo ti wọ abẹ́ ẹ̀.”

Ó gbé ọwọ́ dídì náà sókè, ó sì fi gbá a lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ ètè ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀jẹ̀ ojú egbò pọ̀ mọ́ra lórí báńdéèjì. Ẹ̀gbọ́n kò gbé ọwọ́.

“Kò bà yín dáadáa,” ni àbúrò wí, ó ń mí hẹlẹ.

Ẹ̀gbọ́n fa àga rẹ̀ sún mọ́ ibùsùn.