Ọparun Etí Odò Ẹ̀yìnkùlé Wa

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ odò kékeré kan ní Òkè-Ìlá.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé lè fo odò yẹn kọjá. Màá jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, màá máa fún Dámi, ọmọ mi, lọ́mú, omi á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, oorun á sì máa gbé àwa méjèèjì lọ. Àfi bíi pé odò ló pọ̀n wá!

Àmọ́ tí òjò bá ti dé, kò séré mọ́. Lọ́dún yìí, omi bu ilẹ̀ wa jẹ títí dé ìdí igi ọsàn tí a sin olóbì Dámi, ibi ọmọ tó bá a wáyé, sí. Ẹ̀yin ìyá, ṣé ẹ mọ bó ṣe ń ṣeni? Bí ilẹ̀ pupa yẹn ṣe ń já lulẹ̀ gbì, gbì, ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ń já ọmọ gbà lọ́wọ́ mi.

Mo kọ́kọ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó lè di ilẹ̀ náà mú. Òjò kan péré, omi gbé e lọ! Ó ń léfòó, ewé rẹ̀ ń juwọ́ sí mi. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí, ó ní ṣé mo ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ránṣẹ́ sí ará ìsàlẹ̀ ni. Òun náà ló wá lọ wú ìdí ọparun wá láti Ìjan.

Bí a ṣe ń gbẹ́lẹ̀, Màmá tó ń gbé ní òdìkejì odò figbe ta: "Ìyá Dámi! O fẹ́ lé omi wá wó ulé mi, àbí?"

Inú bí mi. "Màmá, ẹ gbin tiyín náà!"

"Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn mí yìí ni màá fi gbẹ́lẹ̀?"

Mo wo ọ̀dọ̀ wọn. Ògiri wọn ti là. Bí omi ò bá rí tèmi jẹ, ṣé kì í ṣe tiwọn ló kàn? Ọkọ mi ní ká parí tiwa ná. Mo kọ̀. A pín ọparun náà sí méjì, a sì wọ́ odò kọjá lọ gbìn ín fún wọn. Tiwa ò wá kárí mọ́.

Òjò ńlá tó tẹ̀ lé e gbé igi ọsàn náà lọ. Mo sunkún o! Màmá ló yí gba orí afárá wá, wọ́n gba Dámi lọ́wọ́ mi, wọ́n pọ̀n ọ́n. Wọ́n ní olóbì ti di ilẹ̀ tipẹ́, ọmọ ni kí n dì mú.

Ní báyìí, ọparun ti ń yọ ọ̀mùnú lápá ibí àti lápá ọ̀hún. Ògiri Màmá ṣì dúró.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé etí odò kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń gbé etí omi ńkọ́? Kí lẹ gbìn? Ta ló wà ní òdìkejì yín? Ẹ wá sọ fún mi, mò ń kà á.