Ọjọ́ Tí Ọ̀gá Ìjọba Di Aláàbọ̀ Ojú

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni ẹ̀rín ti ń pa mí. Èmi àti ìyá mi ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé wa ní Sakété, kò sì sí ohun tí mo rí tí kò pa mí lẹ́rìn-ín: adìẹ tó ń sáré, èèpo ẹ̀gẹ́ tó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, àní ikọ́ tí ìyá mi ń wú pàápàá. Ara mi fúyẹ́ bíi pé atẹ́gùn fẹ́ gbé mi lọ. Mo jẹ ẹ̀bà àwo méjì, mo tún ń wo ìkòkò.

Ìyá mi ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹ̀rín kí ni? Ẹni tó fẹ́ sọ Faransé níwájú ìjọba lọ́la kì í rẹ́rìn-ín báyìí. Lọ ka ìwé rẹ."

Òótọ́ ló sọ. Òmìnira kúrò lọ́wọ́ Faransé ò tíì pẹ́ tó dé nígbà náà, wọ́n sì fẹ́ ṣe àjọ̀dún rẹ̀ ní Pobè. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, mo wà ní kíláàsì tó gbẹ̀yìn nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mẹ́tìrì, olùkọ́ wa, ló yàn mí pé kí n gbé òdòdó fún ọ̀gá ìjọba, kí n sì kí i káàbọ̀. Gbólóhùn mẹ́ta péré ni, lédè Faransé. Mo ti kà á lákàtúnkà títí tí àwọn tó ń wá ra gàrí lọ́dọ̀ ìyá mi fi mọ̀ ọ́n sórí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a wọ kámíọ̀ lọ sí Pobè. Ìyá mi mú sùtánà funfun rẹ̀ dání, nítorí àwọn ará ìjọ rẹ̀, ìjọ aláṣọ funfun tó ti Àjàṣẹ́ wá, fẹ́ gbàdúrà fún ìlú lẹ́yìn àjọ̀dún. A dé pápá, wọ́n tò wá sínú oòrùn. Bí mo ṣe dúró pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́, mo rí ohun kékeré kan tó ń kọ mànà lápá ọ̀tún. Mo dijú, ó wà níbẹ̀. Mo lajú, ó ti tóbi sí i. Ó di ìlà tó tẹ̀ kọrọdọ, tó ní eyín bíi ti ayùn, tó ń dán, tó ń gbọ̀n, àwọ̀ osùn ń lé àwọ̀ aró, àwọ̀ aró ń lé àwọ̀ ewé. Ibi tó bá gbà kọjá, ohun tó wà níbẹ̀ á pòórá. Ọ̀pẹ kan lẹ́bàá pápá ní imọ̀, kò ní ìdí.

Ó yẹ kí ẹ̀rù bà mí. Kò bà mí. Ńṣe ni inú mi ń dùn bíi ti ẹni tó wà lórí jangirọ́fà.

Ọ̀gá ìjọba sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó wọ kóòtù funfun, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ojú kan ló ní. Imú rẹ̀ ku ààbọ̀. Ibi tó yẹ kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ wà, ayùn ló ń yí níbẹ̀.

Mẹ́tìrì fọwọ́ tọ́ mi lẹ́yìn. "Ó yá."

Mo wá gbólóhùn àkọ́kọ́, n kò rí i. Mo wá èkejì, òun náà ti bá a lọ. Ni mo bá gbọ́ ohùn ara mi tó ń ké ní èdè ilé wa pé, "Ẹ káàbọ̀ o, bàbá aláàbọ̀ ojú! Níbo lẹ fi ìyókù sí?" Mo sì bú sẹ́rìn-ín.

Obìnrin kan kò lè pa á mọ́ra, ó tú ẹ̀rín jáde, ni gbogbo èrò bá bá a tú u. Ọ̀gá ìjọba kò gbọ́ èdè wa. Ó yíjú sí ògbufọ̀ rẹ̀, ó bi í léèrè ohun tí mo wí. Ọlọ́run ló fún ọkùnrin náà lọ́gbọ́n. Ó fi Faransé dá a lóhùn pé, "Ó ní ẹwà yín pọ̀ ju ohun tí ojú kan lè rí tán lọ."

Inú ọ̀gá dùn. Ó na ọwọ́ gba òdòdó, àmọ́ afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo ń gbé e fún.

Ìyá mi wọ́ mi lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn obìnrin ìjọ rẹ̀ yí wa ká.

"Kí lo rí?"

"Ayùn ni, mà. Ó ń jó."

Ọ̀kan nínú wọn, obìnrin sìgbọ̀nlẹ̀ kan, pàtẹ́wọ́. "Alelúyà! Ìran ni! Ta ló ń lo ayùn bí kò ṣe káfíńtà? Ọkọ rẹ̀ ni Olúwa fi hàn án."

Ìyá mi fara balẹ̀ béèrè pé, "Káfíńtà ilé ta ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi. Ayùn náà ń fẹ̀ lọ, ó fẹ̀ títí ó fi jáde létí ojú, gbogbo ènìyàn sì padà ní ojú méjì. Mo fẹ́ dúpẹ́ ni orí fífọ́ dé. Bíi pé wọ́n ń gún iyán lápá òsì orí mi ni. Èébì gbé mi, sára sùtánà obìnrin sìgbọ̀nlẹ̀ yẹn ni mo bì í sí. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ káfíńtà.

Wọ́n gbé mi lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn. Dọ̀tóò ni gbogbo ìlú ń pe ọkùnrin ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́rẹ́ gígún àti ojú egbò wíwẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. N kò tíì dé ìdajì tó fi mú pẹ́ńsù, ó ya nǹkan sẹ́yìn ìwé kan.

"Ṣé báyìí ló rí?"

Ìlà kọrọdọ náà nìyẹn, teyín-teyín! Mo gbàgbé orí tó ń fọ́ mi, mo kígbe, "Òun gan-an ni! Ta ló fi hàn yín?"

"Ìyá tó bí mi ni. Ó máa ń fi ìka yà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún wa."

Ìyá mi rọra béèrè pé, "Kì í wá ṣe ìran, dọ̀tóò?"

"Orí fífọ́ ni, ìyá. Orí ẹlòmíràn, kó tó fọ́, á kọ́kọ́ pa á lẹ́rìn-ín, á wá ránṣẹ́ sí ojú. Kò ní fọ́ ọ lójú, kò sì ní sọ ọ́ di wèrè. Kó lo oògùn yìí, kó sùn níbi tó ṣókùnkùn."

Mo sùn. Nígbà tí mo jí, oòrùn ti rẹlẹ̀, orí mi fúyẹ́ bí òwú.

Orí àpò àgbàdo la jókòó sí nínú kámíọ̀ tó ń gbé wa padà sílé. Lójijì ìyá mi ní, "Tèmi kì í rí bí ayùn."

"Kí ni, mà?"

"Bí egungun ẹja ló máa ń rí. Apá òsì ló ti ń bẹ̀rẹ̀."

Mo yíjú wò ó. Gbogbo ọjọ́ tó ń fi gèlè bojú, tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí, tó ní àdúrà lòun ń gbà! "Láti ìgbà wo?"

"Kí n tó mọ bàbá rẹ."

"Ẹ ò sì sọ fún ẹnì kankan?"

"Kí n wí pé kí ni? Lábúlé wa, wọ́n á ní àjẹ́ ni mí. Nínú ìjọ, wọ́n á sọ mí di aríran, n ò sì ní ráyè yan gàrí mọ́." Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. "Lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, n ò rí orí bàbá rẹ rárá. Agbádá àti ọrùn ni mo fẹ́. Ìgbà tí orí rẹ̀ á fi padà dé, wọ́n ti ní ká máa lọ ilé ọkọ."

A dì mọ́ra wa, a rẹ́rìn-ín títí èémí fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú wa. Àwọn ọkùnrin tó ni àgbàdo wò wá, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì rọra sún lọ sí ìpẹ̀kun ọkọ̀.